Owó Àtúnṣe Bèbè Odò: Ẹ̀tọ́ Wa Ni, Kì í Ṣe Ìtọrẹ Àánú

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní Ìnísà

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹ pè mí kí n wá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ìbò ní àkókò tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ odò ni mo bá wá, àti ọ̀rọ̀ owó. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó wà ní ọwọ́ ìjọba tí a fi lè tún bèbè odò wa ṣe, ọ̀nà tí owó náà fi yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa, àti ohun tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ọ̀tìn kì í ṣe odò lásán lójú àwọn baba wa. Ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé Ọ̀tàn ni Ọ̀tìn ti wá, àti pé ó wá sí Ìnísà láti gbèjà ìlú nígbà tí àwọn ọ̀tá fẹ́ pa á run. Kristẹni tí ó wà láàrin wa lè má bá wọn dé ìdí ọdún Ọ̀tìn, Mùsùlùmí náà lè má lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í mu omi nínú wa. Bí a bá tilẹ̀ fi ti ẹ̀sìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, odò tí ó ti gbèjà ìlú rí, ó yẹ kí ìlú náà gbèjà rẹ̀ nígbà tí ìyà bá ń jẹ ẹ́. Orúkọ odò yìí ni ìjọba ìbílẹ̀ wa ń jẹ́. Bí odò bá gbẹ tán, orúkọ lásán ni yóò kù sára pátákó.

Ẹ wo ọ̀nà tí omi yìí ń gbà. Ọ̀tìn ń ṣàn lọ pàdé Erinlẹ̀, Erinlẹ̀ ń lọ pàdé Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń kọjá lọ sí Aṣèjirè, níbi tí a ti ń fa omi fún àwọn ará Ìbàdàn, kí ó tó dé ọ̀sà létí òkun. Lórí Ọ̀tìn yìí kan náà ni ìsédò Èkó-Ẹ̀ńdé wà, èyí tí a ṣe kí àwọn ìlú agbègbè wa lè rí omi ẹ̀rọ mu. Nítorí náà, erùpẹ̀ tí òjò bá wọ́ láti oko wa kò parí sí oko wa. Inú ìsédò ni yóò lọ jókòó sí. Bí erùpẹ̀ bá ti ń kún ìsédò nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè omi ń dín kù lókè, títí tí ìsédò tí a fi owó ńlá ṣe yóò fi di àbàtà.

Kí ni ó ń fa èyí? Bèbè odò tí ó wà ní ìhòòhò ni. Nígbà tí igi àti koríko bá wà létí omi, gbòǹgbò wọn a máa di ilẹ̀ mú. Òjò tí ó bá ń sáré bọ̀ láti òkè a dé àárín wọn, a rọra, a sì fi erùpẹ̀ tí ó gbé bọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ajílẹ̀ àti oògùn tí a fọ́n sí oko a dúró níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú omi. Òjìji igi a mú kí omi tutù ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹja àrọ̀ àti èpìyà a rí ibi yé ẹyin sí lábẹ́ gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gé igi bèbè fún igi ìdáná àti pákó, tí a sì ro ilẹ̀ dé ẹnu omi gan-an, gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ti dópin. Ní òjò, odò a kún àkúnya. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, a gbẹ dé ilẹ̀ àpáta. Ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó fa omi òjò mu kí ó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò sí mọ́.

Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ odò ti rí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí omi tí a kò tọ́jú. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005, jẹ́ ibi tí ènìyàn ti ń ti òkè òkun wá. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà, nítorí ìdọ̀tí tí wíwa góòlù ti dà sínú rẹ̀ láti òkè. Odò tí a ń gba omi rẹ̀ fún ìwòsàn ni ìjọba ní kí a má fi ẹnu kàn. Bí èyí bá lè dé bá Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé mọ̀, kí ni kò lè dé bá Ọ̀tìn tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé kankan?

Ẹnìkan yóò wí pé, “Akọ̀wé, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni owó wà?” Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀.

Abala 20 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé kí ìjọba dáàbò bo àyíká, kí ó sì mú un dára sí i, kí ó sì ṣọ́ omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko igbó Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni a kọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú Orí Kejì ìwé òfin ni abala yìí wà, òfin kan náà sì sọ pé ilé-ẹjọ́ kò ní agbára láti fi ohun tí ó wà nínú Orí náà nìkan dá ìjọba lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa. Ohun tí adájọ́ kò lè fi ipá gbà fún wa, ohùn wa àti ìbò wa ni yóò gbà á. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ odò fi jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Owó pẹ̀lú wà. Láti ọdún 1981 ni òfin ti dá àpò kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Ecological Fund, èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá jẹ, omíyalé, aṣálẹ̀ àti ìbàjẹ́ àyíká gbogbo. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún un. Ìjọba àpapọ̀ ní ìpín nínú rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpín. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kì í ṣe pé kí gómìnà kan jókòó lé e. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń béèrè owó bèbè odò, a kò tọrọ báárà. Ohun tí òfin ti yà sọ́tọ̀ ni a ń béèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ nípa ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìrànwọ́ àti awin. Nígbà tí omíyalé pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Báńkì Àgbáyé gbà ní ọdún 2014 láti fi 200 mílíọ̀nù dọ́là ṣe ètò àtúnṣe odò àti afárá níbẹ̀. Ètò tí ó ń kojú ọ̀gbàrá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, mú ìpínlẹ̀ méje ní ìbẹ̀rẹ̀: Anambra, Abia, Cross River, Edo, Enugu, Ebonyi àti Imo. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, èmi kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n awin ni owó Báńkì Àgbáyé yìí. Àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Ẹni tí ó bá gba awin láti tún odò ṣe gbọ́dọ̀ rí i pé odò náà yóò ṣì máa ṣàn ní ọjọ́ tí gbèsè bá parí. Kí ó tó di pé a lọ yá owó tuntun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè èyí tí ó jẹ́ tiwa tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé odò tí ó ti bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́. Irọ́ ni. Ní ọdún 1957, àwọn onímọ̀ ní London kéde pé odò Thames ti kú, pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí tí ó lè gbé inú rẹ̀ ní àárín ìlú náà. Ìjọba wọn ná owó sí àtúnṣe ibi tí a ti ń sọ omi ìdọ̀tí di mímọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1974, wọ́n tún rí ẹja sámọ́ọ̀nù nínú odò náà. Ní Amẹ́ríkà, odò Cuyahoga tí ó ń ṣàn lọ sínú adágún Erie dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ tí iná fi jó lórí rẹ̀ ní ọdún 1969. Iná lórí omi! Ìtìjú yẹn wà lára ohun tí ó mú wọn ṣe òfin omi mímọ́ ní ọdún 1972. Ní ọdún 2010, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò ìrànwọ́ kan fún àwọn adágún ńlá márùn-ún tí ó wà láàrin wọn àti Kánádà, 475 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún un ní ọdún àkọ́kọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ni pé kì í ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ó gba owó náà. Àwọn ẹgbẹ́ aráàlú gbà, àwọn yunifásítì gbà, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tí ó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé náà gbà.

Bí ẹ bá sì ní òyìnbó ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí a wo aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ní ọdún 1977, Wangari Maathai, obìnrin ará Kẹ́ńyà, kó àwọn obìnrin abúlé jọ láti máa gbin igi. Kò dúró de kọngilá. Owó kékeré ni wọ́n ń san fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, lórí igi tí ó bá yè. Kì í ṣe lórí igi tí a gbìn o; lórí igi tí ó yè ni. Ní ọdún 2004, wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà dá a lọ́lá, òun sì ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ “igi tí ó yè” yìí ju ọ̀pọ̀ ìwé ètò ìjọba lọ.

Nígbà náà, bí owó bá wà, tí ọ̀nà sì wà, kí ló dé tí bèbè Ọ̀tìn fi wà báyìí? Mo fẹ́ sọ òótọ́ níwájú yín. Ọ̀pọ̀ owó àyíká ni kì í dé ibi tí àyíká ti bàjẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá dá Joshua Dariye, gómìnà ìpínlẹ̀ Plateau tẹ́lẹ̀, lẹ́bi lórí owó àpò yìí kan náà, èyí tí ó ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni adájọ́ kọ́kọ́ dá fún un. Nígbà tí ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dín in kù sí ọdún 10. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ forí jì í. Èmi kì yóò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ọ̀gbàrá gbé oko yín lọ, ẹ ronú sí i.

Èyí tí kò sì bá olè lọ, kọnkéré ni ó máa ń bá lọ. Kọngilá fẹ́ràn kọnkéré nítorí a lè wọn ọ́n, a sì lè gba owó rẹ̀ kí òjò tó dé. Ta ni yóò san owó fún ọparun tí ó ń dàgbà fún ọdún mẹ́ta? Níbi tí ilé pọ̀ sí, gọ́tà kọnkéré wúlò. Ṣùgbọ́n létí oko, ọparun, ògùrọ̀, àbùrà àti òro ṣe ju kọnkéré lọ, wọn kò sì wọ́n tó o.

Ní báyìí, mo yíjú sí ẹ̀yin àgbẹ̀ àkùrọ̀. Mo mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín. Ẹ ń wí pé, “Àtúnṣe bèbè odò yìí, ṣé kì í ṣe ọ̀nà láti gba ilẹ̀ baba wa ni?” Ẹ kò jẹ̀bi bí ẹ bá fura. Ilẹ̀ etí odò ni ó ń fún wa ní ẹ̀fọ́ àti àgbàdo tútù nígbà tí òkè bá gbẹ. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀ láìsan nǹkan kan, ebi ni ó ń fi ránṣẹ́ sí ilé yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìhà kejì pẹ̀lú. Odò tí kò ní igi létí ń jẹ ilẹ̀ yín lọ́dọọdún, kì í sì í san kọ́bọ̀. Ẹ óò pàdánù bèbè náà bó pẹ́ bó yá. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé ṣé ẹ óò pàdánù rẹ̀ fún ọ̀gbàrá lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí ẹ óò fi díẹ̀ nínú rẹ̀ fún igi kí ẹ sì gba owó lé e?

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a jùmọ̀ béèrè.

Èkínní, kí a wọn ilẹ̀ bèbè tí a óò fi sílẹ̀ fún igi níṣojú ẹni tí ó ń ro ó. Bí a bá gbà sí ogún ìṣísẹ̀ láti ẹnu omi, kí ó jẹ́ ogún, kí ó má ṣe di ọgọ́ta nínú ìwé. Kí a sì máa san owó ohun ọ̀gbìn tí àgbẹ̀ pàdánù fún un lọ́dọọdún, títí igi tí a gbìn yóò fi so èso tàbí tó gé. Àgbẹ̀ ni yóò sì ni ọparun àti èso náà, kì í ṣe ìjọba.

Èkejì, kí a má ṣe san owó iṣẹ́ tán ní ọjọ́ tí a gbin igi. Kí a san apá kan nígbà gbíngbìn, apá kan lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kìn-ín-ní, ìyókù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kejì, lórí iye igi tí ó bá yè. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í gba rìbá.

Ẹ̀kẹta, kí owó dé ọwọ́ ẹni tí ó ń lo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ilẹ̀ kankan. Ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Bí ìrànwọ́ bá dé, tí onílẹ̀ kó gbogbo rẹ̀, tí ẹni tí ó ń fi ọkọ́ jẹun sì lọ lọ́wọ́ òfo, a ti fi owó odò dá ìjà sílẹ̀ láàrin ará. Kí onílẹ̀ gba tirẹ̀, kí ẹni tí ń ro ó náà gba tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ iye owó, orúkọ ẹni tí ó gba iṣẹ́ àti iye igi sí ara pátákó ní ọjà àti ní iwájú ààfin, ní èdè Yorùbá, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè òyìnbó lè kà á. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Owó tí gbogbo ènìyàn mọ iye rẹ̀ kì í tètè sọnù.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yín kàn báyìí. Bí ẹgbẹ́ wa bá jà títí tí owó yìí fi dé, tí ẹnìkan nínú yín sì wá bá mi ní òru pé kí n bá òun wá iṣẹ́ kọngilá níbẹ̀, ẹni náà kò gbọ́ ohun tí mo wí lónìí. A kò lè máa pariwo olè lórí àwọn ẹlòmíràn, kí a sì máa na ọwọ́ lábẹ́ aṣọ. Iṣẹ́ tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí ni láti ṣọ́ owó, láti ka igi, àti láti sọ òótọ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ wa tilẹ̀ ni ó jẹ̀bi.

Àwa pẹ̀lú ní iṣẹ́ tí a kò ní láti dúró de ìjọba kí a tó ṣe. Kí ẹni tí ń da gamalíìnì sínú omi láti pa ẹja mọ̀ pé májèlé ni ó ń fi sínú ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Kí a dẹ́kun fífọ agolo oògùn apakoríko nínú odò. Kí a má ṣe tún ti iná bọ igbó etí omi. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀ irúgbìn igi tirẹ̀, nítorí ọjọ́ tí owó bá dé, ẹni tí ó ti ní irúgbìn nílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Àwọn mìíràn ní ohun tí mo ń sọ tóbi jù. Ẹ rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan sọ pé kò ṣeé ṣe, pé owó kò ní tó. Owó orí àwọn baba wa àti kòkó wọn ni a fi ṣe é. Àwọn baba wa sanwó, wọ́n sì béèrè bí a ti ná an. Ohun kan náà ni mo ń bẹ̀ yín pé kí a ṣe nípa omi. Òmìnira tí a gbà ní ọdún 1960 kò tíì pé bí ọmọ Ìnísà bá ń ra omi inú ọ̀rá mu nígbà tí Ọ̀tìn ń kú lọ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Nítorí náà, mo dá a lábàá fún ìpàdé yìí: kí a yan ènìyàn méje lónìí, kí méjì ó kéré tán jẹ́ obìnrin tí ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò, kí wọ́n rìn ní bèbè láti ibi tí ilẹ̀ Ìnísà ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ó parí sí, kí wọ́n kọ ibi tí ó bàjẹ́ àti orúkọ àwọn tí ń ro ó sílẹ̀, kí a sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkukù kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, láti béèrè iye tí ó ti wọlé láti inú àpò àyíká àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Bí wọn kò bá dá wa lóhùn, a óò tún kọ òmíràn, a óò sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn yìí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

 Kí Olódùmarè jẹ́ kí omi Ọ̀tìn pẹ́ fún wa, kí ó má ṣe gbé ọmọ wa lọ, kí ó má sì gbẹ lójú wa. Àṣẹ.